Ọmọ mi obìnrin ń lọ ṣe míṣọ́nnárì: kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní Àkrà?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin kẹta, ẹni ogún ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn Mọ́mọ́nì jọ́sìn, ó sì ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti rì í bọmi. Ó wá fi lẹ́tà kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti yàn án ní míṣọ́nnárì sí Sierra Leone fún oṣù 18, ṣùgbọ́n pé kó kọ́kọ́ yà sí Àkrà fún ìdálẹ́kọ̀ọ́. Áńgílíkà ni wá láti ayé bàbá mi. Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n oorun ò kun ojú mi mọ́. Irú ìdálẹ́kọ̀ọ́ wo nìyẹn? Ta ni wọ́n máa jọ máa sùn nínú yàrá? Ṣé a ó máa gbóhùn rẹ̀? Ta ló ń sanwó? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní àyè ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ìyẹn ńkọ́? (Bàbá kan, Ìpẹru-Rẹ́mọ)

Ìdáhùn:

Bàbá, ẹ kú àìsùn ọmọ. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Ọmọ ìjọ náà ni mí, ọmọ Rẹ́mọ sì ni mí. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí mo wà ní ọmọge, àwọn ọmọ tó ń múra àtilọ ni mo sì máa ń jókòó tì báyìí, kí wọ́n má baà débẹ̀ kí nǹkan já lù wọ́n lójijì. Ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ ìjọ wà nínú ọ̀rọ̀ mi, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òbí lẹ bi mí, èmi náà bímọ, ìdáhùn òbí ni mo fẹ́ fún yín.

Wọn kì í kọ́ wọn ní ìwé púpọ̀ ní Àkrà. Àkókò rẹ̀ ò tiẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní tòótọ́ ni bí èèyàn ṣe ń fi aago gbé ayé, àti bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò fúnra rẹ̀ yàn gbé láì bínú jáde. Nǹkan méjì yìí ló ń mú omi jáde lójú wọn níbẹ̀. Bíbélì kọ́. Ọmọ tó mọ orí ìwé mímọ́ láti òkè délẹ̀ lè sunkún lálẹ́ ọjọ́ kẹta nítorí pé ẹni tí wọ́n jọ wà ń tan iná nígbà tí òun ń sùn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́tà orí fóònù yẹn ná. Lóde òní tí wọ́n ń tan àwọn ọmọbìnrin wa lọ sí Líbíà àti Dubai, bàbá tí wọ́n bá fi lẹ́tà báyìí hàn tí kò bẹ̀rù, ara rẹ̀ ni kò yá. Lẹ́tà gidi kì í gba ọwọ́ ajẹ́ńtì kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa forúkọ sílẹ̀. Dókítà á yẹ ara rẹ̀ wò, dókítà eyín á yẹ eyín rẹ̀ wò. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ rẹ̀ (olórí ìjọ àdúgbò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bíi ti Áńgílíkà) á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, olórí tó ga ju bíṣọ́ọ̀bù lọ náà á ṣe tirẹ̀, kí ìwé tó lọ sí olú ilé ìjọ ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ìlú fún oníkálùkù. Ọmọ kò lè mú ibi tó wù ú, bàbá rẹ̀ kò sì lè fi owó rà á fún un. Láti ìparí ọdún 2018 ni lẹ́tà yìí ti ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé dípò àpòòwé ńlá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ti pé orí fóònù lẹ ti rí i kò sọ ọ́ di jìbìtì. Bí ẹnìkan bá wá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá a yí Sierra Leone padà sí Kánádà, ọmọ yáhúù ni, ẹ lé e.

Ní ti Àkrà, ilé ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ni ìjọ náà ní níbẹ̀. Tema ló kọ́kọ́ wà láti 2002. Ní 2017 ni wọ́n kó lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ ní Àkrà. Irú rẹ̀ wà káàkiri: Johannesburg ní èyí, Manila ní, São Paulo ní, èyí tó tóbi jù sì wà ní Provo ní ìpínlẹ̀ Utah. Ẹni tó ní láti kọ́ èdè tuntun lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ẹni tó máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọ yín kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà àrùn Kòrónà sì ni wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ wọn láti ilé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn wúlò fún ẹ̀yin gan-an, màá padà sórí rẹ̀.

Ìpẹru ni ẹ wà, nítorí náà ẹ mọ kámpù àwọn agùnbánirọ̀ tó wà ní Ṣàgámù, lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ wá yọ sójà kúrò níbẹ̀, ẹ yọ fèrè ìdájí kúrò, ẹ yọ mami market kúrò pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń fẹ́ra wọn lábẹ́ igi lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló jọ ọ́: yàrá tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sí, kíláàsì, ilé oúnjẹ, pápá ìṣeré, ọmọ orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, àti aago.

Lọ́jọ́ tó bá wọlé ni wọ́n máa fún un ní káàdì dúdú kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà. Orúkọ ìjọ wà lára rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni, wọn kì í kọ èyí tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Sísítà Lágbájá ni wọn á máa pè é, Lágbájá yẹn sì ni orúkọ bàbá yín. Fún oṣù 18 gbáko, orúkọ ilé yín ni àwọn èèyàn Freetown máa mọ̀ ọ́n mọ́. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn bàbá tó ń bínú, nítorí mo ti kíyè sí i pé ó máa ń mú ojú wọn rọ̀ díẹ̀.

Aago 6:30 àárọ̀ ni wọ́n ń jí, 10:30 alẹ́ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á ṣe eré ìdárayá fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun. Oníkálùkù á ka ìwé mímọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn méjì-méjì á jọ kà á. Kíláàsì, oúnjẹ, kíláàsì, ìdánrawò ìkọ́ni, oúnjẹ, kíláàsì, wọ́n á sì jókòó ṣètò ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sùn. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fíìmù, kò sí ọ̀rẹ́kùnrin, kò sí pé mo fẹ́ já sígboro kí n ra nǹkan. Ọtí, sìgá, kọfí àti tíì kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín ti ń pa ìyẹn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rì í bọmi. Mílò kò sí nínú èèwọ̀ náà o, bí ẹ bá fẹ́ di ẹrù fún un. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n ń jọ́sìn, olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ ti múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan sílẹ̀, nítorí orí àga ni wọ́n ti máa gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn máa ń kọ́ ọ níbẹ̀ ní túláàsì.

Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n jọ máa sùn. Obìnrin bíi tirẹ̀ ni. Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká jókòó tì dáadáa, nítorí òun gan-an ni ìdálẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ rántí pé méjì-méjì ni Jésù rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jáde nínú Máàkù orí kẹfà. Ìjọ náà mú ìyẹn ní òfin tí kì í tẹ̀. Bí ọmọ yín bá ti dé Àkrà, wọ́n á fún un ní ẹnìkejì. Kò yàn án, kò mọ̀ ọ́n rí, ó lè jẹ́ ọmọ Gánà, ọmọ Làìbéríà, ọmọ Zimbabwe tàbí ọmọ Amẹ́ríkà. Láti àárọ̀ di alẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ jìnnà débi pé èkíní ò rí èkejì, àfi bí ọ̀kan bá wọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń gbàdúrà, wọ́n jọ ń lọ sí ibi ìfọṣọ. Bí ọ̀kan bá gbàgbé Bíbélì sí yàrá, àwọn méjèèjì ló máa padà lọ mú un. Fún ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, ẹ wò ó bí ẹ̀ṣọ́: ọmọ yín kò ní dá nìkan wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kankan, yálà ní Àkrà tàbí ní Sierra Leone. Fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, ìyà ni lákọ̀ọ́kọ́.

Ọmọ Gánà ni ẹnìkejì tèmi. Ó máa ń fi “please” bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. “Please, no.” “Please, I have eaten.” Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Òun ní tirẹ̀, ó gbà pé mo kórìíra òun, nítorí pé bí mo bá ní kó bá mi mú búrọ́ọ̀ṣì wá láti ìdí fèrèsé, ohùn tí mo fi ń sọ ọ́, ohùn ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì títì ni. Bàbá, ẹ mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó pọn dandan kí àwọn méjì jókòó kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn sí ara wọn, láì pariwo, láì mú ẹlẹ́kẹta wọ̀ ọ́. Ìgbà tá a jókòó yẹn ló wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ló wá bi mí pé kí lòun fi ṣẹ̀ mí. Ẹnu yà mí. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, ohùn Rẹ́mọ lásán ni. Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ohùn mi pè mí ní gbogbo ilé oúnjẹ.

Tiwa yanjú. Ti àwọn mìíràn kì í yanjú, wọ́n kàn máa ń fara dà á títí wọ́n á fi pín wọn síbòmíràn ni. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo wọn ló ń di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti bá ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ pín bẹ́ẹ̀dì rí, tó ti to omi sí ìlà, tó ti jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wẹ̀, kì í jìyà níbẹ̀ bí ọmọ tó ní yàrá tirẹ̀ láti kékeré. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n tún ń kọ́ wọn ni bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni ká tó wàásù. Títí di 2004, ẹ̀kọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń há wọn lórí bíi káńtíkà, tí wọ́n á sì máa kà á jáde níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé olùkọ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tó ti ṣe iṣẹ́ náà parí, á di ẹlòmíràn níwájú wọn. Ó lè ní òun ni opó kan tó ń ta ẹja, ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, iwájú ìta òun nìyí, kí wọ́n máa bọ̀. Ọmọ méjì á wọlé, wọ́n á kí i, wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣí ìwé, ó di ọdún 1830 tí ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó di Joseph Smith tó dá a sílẹ̀, ó di wòlíì. Olùkọ́ á wò wọ́n títí. Á wá béèrè lóhùn opó yẹn náà pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ gbọ́ pé mo ní ọkọ mi kú?” Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á jáde, wọ́n á tún kan ilẹ̀kùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lójoojúmọ́, títí ẹnu wọn á fi mọ bí a ṣe ń ní “ẹ kú àjálù” ká tó sọ ohun mìíràn. Ó máa ń ya àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́nu pé irú ohun tí ìyá wọn ti kọ́ wọn nílé ni wọ́n tún wá fi owó ọkọ̀ lọ kọ́ ní Gánà.

Ní ti gbígbọ́ ohùn rẹ̀, ayé ti yí padà sí rere. Ní ayé tiwa, Kérésì àti ọjọ́ Ìyá nìkan la máa ń pe ilé lórí fóònù, ìyókù, lẹ́tà. Láti February 2019 ni ìjọ ti fún wọn láàyè láti máa pe òbí wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ ìmúrasílẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tí wọ́n fi ń sinmi díẹ̀. Ẹ lè rí ojú rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá pè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé wọn ò máa fìyà jẹ ọ́?” Ẹ má sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò jẹun láti àná. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì ni àárò ilé ń mú wọn jù, ọ̀rọ̀ yẹn á sì máa ró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà kó tó tún pè. Ẹ béèrè ohun tó jẹ. Ẹ béèrè orúkọ ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ sì kí ọmọ náà lórí fóònù bí ẹni pé ọmọ yín ni. Bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ nílé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ pe bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá a sọ ọ́ níbi tí ẹnìkan á ti jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé, ẹ sọ ohun kan fún un kedere: bí kò bá lè ṣe é mọ́, kó sọ, kó sì máa bọ̀. Kò sí ìwé tó dè é mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń padà wálé láàárín ìdálẹ́kọ̀ọ́, nítorí àìsàn, nítorí ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí nítorí pé wọ́n rí i pé kì í ṣe tiwọn. Ojú tí àwọn ìyá kan nínú ìjọ wa fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, n kò sì fi pa mọ́ fún wọn.

Ẹ ní Áńgílíkà ni yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, sọ fún yín pé nǹkan kan náà ni. Ìjọ náà ní Ìwé ti Mọ́mọ́nì pẹ̀lú Bíbélì. Ohun tí wọ́n gbà nípa Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ kò bá ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ẹ máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì dọ́gba. Orúkọ tí ìjọ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, àgàgà láti 2018 tí ààrẹ wọn ìgbà náà ti ní kí wọ́n yé lo “Mọ́mọ́nì”, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe gbogbo ìyẹn tán ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń rí i pé àwọn ọmọ gbọ́ kí wọ́n tó lọ. Títí di June 1978, ìjọ yìí kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní oyè àlùfáà, kò sì jẹ́ kí dúdú, ọkùnrin tàbí obìnrin, gba ètò tẹ́ńpìlì, ìyẹn àwọn ètò mímọ́ tí wọ́n ń ṣe nínú tẹ́ńpìlì ìjọ. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ni àwọn ará wa ní ìlà oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá rì àwọn bọmi. Ní November 1978, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí òfin náà yí padà, ni wọ́n rì Anthony Obinna àti àwọn kan bọmi ní ilẹ̀ Ìgbò. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ yín jiyàn ní Freetown, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ó sàn kó ti bá ẹ̀yin jiyàn lórí rẹ̀ ní pálọ̀ yín kó tó lọ gbọ́ ọ lójú títì. Ẹ bi í. Bí kò bá mọ ohun tó máa sọ, ẹ ní kó lọ béèrè wá.

Sierra Leone tí wọ́n ń rán an lọ, òun náà ni Sàró tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Ajayi Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825, ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ló sì wọ̀ ní 1827 láti kọ́ṣẹ́ ajíhìnrere. Àwọn ọmọ Yorùbá tó padà wálé láti Sàró wà lára àwọn tó mú Áńgílíkà yín dé Badagry àti Abẹ́òkúta. Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú tilẹ̀kùn mọ́ wọn títí di ogun Ìmàgbọn ní 1892. Ọmọ yín máa gbọ́ àkàrà àti àgídí lẹ́nu àwọn ará Freetown, ó sì máa jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ títí yóò fi sú u. Ìkọ́kọrẹ́ ni kó gbàgbé.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Míṣọ́nnárì kì í gba owó oṣù. Òun àti ìdílé rẹ̀ ló ń dá sí ìnáwó rẹ̀; àwọn ará Amẹ́ríkà ń san 500 dọ́là lóṣù láti July 2020, 400 ni kó tó dìgbà náà. Wọn kì í bu irú iye bẹ́ẹ̀ fún wa níbí, ìjọ a sì máa ran ẹni tí kò bá ní lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye tó kàn yín gan-an lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Ohun tó dájú pé ó máa wá sọ́rùn yín ni aṣọ àti bàtà. Síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún, búláòsì tó lápá, àti bàtà méjì tó le, tí atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kó sì gba káàdì ìyẹ́lò rẹ̀. Kó rí i pé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò ní kú kó tó padà dé, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Gánà àti Sierra Leone wà nínú ECOWAS bíi tiwa, kò nílò físà láti wọlé. Ti ìwé ìgbé ọlọ́jọ́ pípẹ́, kí ẹ béèrè bí ìjọ ṣe ń bá wọn ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Àgọ́-Ìwòyè ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín, nítorí mo ti rí ọmọ tó pàdánù àyè rẹ̀ torí pé ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún akọ̀wé kan. Kí ó kọ ìwé sí yunifásítì pé kí wọ́n bá òun sún ìwọlé òun síwájú, kí ó tó kúrò nílé, kí wọ́n sì kọ èsì sórí ìwé. Ọwọ́ wọn ló wà bóyá wọ́n á gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ní láti jókòó: ó lè padà wá ṣe Jáàmù, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sún mọ́ ọdún 22 nígbà yẹn, ọgbọ̀n ọdún tí agùnbánirọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ṣì jìnnà sí i, tàbí kó bẹ àwọn olórí rẹ̀ pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìrìn-àjò náà síwájú. Ní tèmi, bí àyè náà bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tó wù ú gan-an, tí yunifásítì ò sì gbà, màá ní kó kọ́kọ́ lọ kàwé. Àwọn kan nínú ìjọ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí lẹ́nu mi.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ dá a dúró? Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú lẹ́tà yín. Ẹni ogún ọdún ni. Bí ẹ bá dá a dúró tipátipá, ó lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ máa gbé pẹ̀lú ìdúró yẹn fún ọdún púpọ̀. Bí mo bá wà ní ipò yín, ohun tí màá ṣe rèé. Màá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Àìkú kan, màá jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ wọn, bí wọ́n bá sì ṣe tán màá bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Màá gba nọ́ńbà rẹ̀, màá béèrè ẹni tó jẹ́ olórí míṣọ́n ní Freetown àti bí mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi kò bá pè. Màá wá gba ọmọ náà padà sí Ìpẹru fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́kù. Kó máa jí ní 6:30 láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Kó máa fọwọ́ fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa lọ̀ ọ́. Kó máa bá ẹni tí kò fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọ ilé sùn nínú yàrá kan. Kó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Fáláwọ̀ ní Ṣàgámù, kó jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ rí, kó bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí láì tajà, láì wàásù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn náà, ilé yín ni kó ti ṣe é, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ra dátà fún un, ẹ wá epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí NEPA, ẹ fún un ní yàrá tó dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ gbé àga yín sí ibi tí ẹ ti lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ kankan bá kọ yín lóminú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bi í lórí oúnjẹ alẹ́, nígbà tí àyè ṣì wà kó tó wọ ọkọ̀ Àkrà.